Ìyá Ìmọ́tótó àti Kòkòrò Inú Rẹ̀

Ta ló kórìíra kòkòrò àìfojúrí tó Ìyá Ìmọ́tótó? Láti ìgbà tó ti wà lómidan ló ti ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ọsibítù, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Omi tí kò bá ń rú èéfín lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kan ètè rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyàwó òun bá lágbára ẹ̀, òjò gan-an á kọ́kọ́ hó kó tó rọ̀.

Àfi bí àìsàn inú ṣe dojú kọ obìnrin yìí nígbà ogbó. Ìfun rẹ̀ wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì jẹ́ kó lè jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ì bá fara dà á, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti bímọ sí ìlú kan tí bọ́ọ̀sì ń fi odidi òwúrọ̀ rìn dé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, inú fóònù nìkan ló sì ti ń rí i. Ó ń dùn ún dé ọkàn.

Ní ọsibítù tó ti ṣiṣẹ́ náà, dókítà obìnrin kan ń dán ìwòsàn tuntun wò. Ó ṣàlàyé fún un pé kòkòrò tín-ín-tín ló kún inú ìfun gbogbo èèyàn, pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Irú kan nínú wọn làwọn tún ṣe, tí àwọn fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, pé bó bá ti dénú ìfun, kó máa pèsè oògùn tí yóò pẹ̀tù sí ibi tó wú. Inú ìyẹ̀fun kan ni kòkòrò náà wà láàyè, inú fíríìjì ni ìyẹ̀fun ọ̀hún yóò máa wà, àràárọ̀ ni yóò sì máa pò ó mọ́ omi mu. Ìyá wo ìyẹ̀fun náà bí ẹni wo ejò. Òun tó ti ń pa kòkòrò látọjọ́ tó ti dáyé, òun náà ni kó wá máa gbé e mì? Ó ro ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó gbà.

Oṣù ń gorí oṣù, ara kò yá. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kòkòrò tí wọ́n fún un kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n fura sí ìyẹ̀fun, wọ́n fura sí fíríìjì, kò sí èyí tó jẹ̀bi. Ni dókítà bá ní kó pò ó lójú òun bó ṣe máa ń pò ó nílé. Ìyá béèrè omi gbígbóná.

Nọ́ọ̀sì tó dúró nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń mu ún látìbẹ̀rẹ̀?"

"Ṣé kí n wá mu ún ní tútù ni, dókítà? Tí kòkòrò bá wà ńbẹ̀ ńkọ́?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àràárọ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwòsàn rẹ̀. Ó jókòó, ó sunkún, kì í sì í ṣe tìtorí ìtìjú. Ọmọ tó yẹ kó ti gbé pọ̀n ti ń rákò.

Wọ́n tún ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó di ojú, ó di imú, ó gbé e mì ní tútù. Díẹ̀díẹ̀, ìfun rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà dá. Lọ́jọ́ tí dókítà ní ó lè rìnrìn àjò, kò dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.

Kò bẹ dẹ́rẹ́bà kó dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ọmọ náà ti ń rìn. Ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ wá síwájú ìyá àgbà, ó wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó figbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá ọmọ ń bẹ ìyá tirẹ̀ pé kó má bínú, ó sì ń gbìyànjú láti rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìyá Ìmọ́tótó jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀.

"Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó sunkún," ló wí. "Èmi ni mo pẹ́ dé. Màá dúró dè é."