Ẹ Káàárọ̀, Ẹ̀yin Eku

Tí o bá ti gbóòórùn lẹ́búlẹ́bú pákó tí ìtọ̀ eku rin rí, wàá mọ̀ pé kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Òórùn yẹn ni mò ń gbé kiri Ìjerò lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ láti padà sílé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ọlọ́kadà á ní, "Bàbá eléku, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín là ń lọ?"

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìpótì tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, la jọ ń ṣe ìwádìí náà. A fẹ́ mọ ohun tí wàhálà ń ṣe nínú ọpọlọ títí ìrẹ̀wẹ̀sì á fi di àìsàn. Òun ló ń tọ́jú eku tí a fi sílẹ̀ ní àlàáfíà; àwọn tí à ń ni lára ni tèmi. Lónìí màá da omi sí ibùsùn wọn, lọ́la màá fi àgò wọn dẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má mọ èyí tó kàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó gbé omi lásán àti omi ṣúgà síwájú wọn. Eku tára rẹ̀ le á sáré sí ṣúgà. Èyí tí ayé sú kò ní bìkítà. Tí a bá sì yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, èròjà tó ń bọ́ iṣan ibẹ̀, bí ajílẹ̀ ṣe ń bọ́ kòkó, á ti lọ sílẹ̀.

Àmọ́ eku tèmi ń mu ṣúgà bí ẹni tó wá síbi ìkómọ. Bí wọn ò bá sì rẹ̀wẹ̀sì, èmi ò ní gboyè. Ọ̀rẹ́ mi wá wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń kí wọn ni?"

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é. Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti tọ́ mi, ìyá mi a sì máa sọ pé, "Ẹni wọ ulé tí kò kí ará ulé, olè ni." Níwájú àgò kọ̀ọ̀kan: ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ẹ kú ìrọ́jú. Bẹ́ẹ̀, ìlànà ni pé kí n má bá wọn sọ ohunkóhun. Mo sọ fún un pé bóyá ìkíni yẹn ló ń gbà wọ́n, pé ó yẹ ká wádìí ẹ̀. Ó fọwọ́ lé mi léjìká. "Àárín àwa méjèèjì nìyẹn o."

Lọ́jọ́ tí a lọ jábọ̀ fún ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí wa, ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sín mi jẹ, tòun ti ohùn Èkìtì mi, bí mo ṣe ń tẹrí ba kí eku. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ṣebí eré ni. Ló bá ní mo ti ba iṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n òun ti rí nǹkan kan nínú àṣìṣe mi, bóyá ìkíni ló ń gba ọpọlọ wọn sílẹ̀. Òun ló rí i! Ọ̀gá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún un.

Mo padà sílé ìyá mi. Ó po tíì fún mi, mo mu ún bí omi kànga. Ó bi mí bóyá ṣúgà rẹ̀ tó, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ṣúgà wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, nítorí àmì tí à ń wá lára eku gan-an nìyẹn. Láràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn mi, á kí mi, mo dáhùn o, mi ò dáhùn o, títí di ọjọ́ tí mo ní, "Màmá, ṣúgà yìí ti pọ̀ jù." Ó jókòó, ó ń nu ojú.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọ̀rẹ́ mi níbùdókọ̀ Àrámọkọ. Ìkíni ni ìwé tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n dá lé. Mo ti kà á, eku pàápàá ní nọ́ńbà níbẹ̀, orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀ rárá. Ó rí mi, ó yíjú sí fóònù. Ọ̀rọ̀ ìyá mi nípa ẹni tí kò kí ará ulé sọ sí mi lọ́kàn. Mo lọ bá a, mo tẹrí ba bí mo ṣe ń ṣe níwájú àgò. "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Kì í ṣe pé mo ti dárí jì í o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ṣúgà ṣì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu ni.