Ta Ni Yóò Sọ Pé Kí Ta Dìde?

Orúnkún mi ló gbé mi dé ìdí kàrátè. Dókítà ní bí mo bá ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ nítorí pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, orúnkún náà yóò fẹ̀yìn tì tẹ̀lé mi. Mo wádìí ibi tí àgbàlagbà ti lè ṣe eré ìdárayá ní Ìlaròó, wọ́n ní àfi kíláàsì kàrátè tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ Sátidé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé nítorí òun ni mo ṣe fẹ́ lọ kọ́ ìjà. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, mo bọ́ sójà, mo ra aṣọ funfun.

Ẹni tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, tó de bẹ́líìtì dúdú mọ́dìí, ọmọ tí mo kọ́ ní ABD ni. Ó ti di géńdé, irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ṣì nà síta bí wọ́n ṣe wà nígbà tó jókòó sí iwájú mi ní kíláàsì kìíní. Kí n tó lanu, ó ti wà nílẹ̀ gbalaja, ó ń kí mi, "Anti, ẹ káàárọ̀ mà." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọmọ Pólì àti àwọn ọmọ kéékèèké, ń wò wá. Mo ní kó dìde, mo gbọn eruku kúrò láyà rẹ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn gan-an.

Òfin wà nínú gbọ̀ngàn yẹn o. O kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọlé. O gbọ́dọ̀ tẹríba fún olùkọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Sẹ́nséì, kí o tó ṣe ohunkóhun, o kò sì gbọ́dọ̀ nàró padà títí yóò fi sọ pé, "Ẹ dìde." Mo fẹ́ràn òfin náà, torí èmi náà kò fi òfin ṣeré nígbà ayé iṣẹ́ mi. Èmi nìkan ni mo ṣì ń pè é ní "ọmọ mi" níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi wí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò lè kọ́ mi. Bí ọmọ Pólì kan bá gbé ẹsẹ̀ sódì, Sẹ́nséì á wò ó, á ní, "Tún un ṣe." Ọ̀rọ̀ mi ni, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Àìmọye ìgbà ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pa á lẹ́kún nítorí lẹ́tà kan tí kò kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá kàn mí, tí mo gbé ẹsẹ̀ tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n, á ní, "Ó dára mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà." Irọ́ ni, kò dára. Nígbà tó bá mi gbé báàgì dé ìdí ọ̀kadà, mo ní kí ló dé tí kì í tọ́ mi sọ́nà bíi ti àwọn yòókù. Ó họ orí. Ó ní, "Anti, ẹnu mi ni kò gbà á."

Ibi tá a bá a dé nìyẹn tí ìròyìn fi dé pé ọ̀gá rẹ̀, bàbá kan tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún, yóò gba Ìdí-Ìrókò wọlé wá yẹ kíláàsì náà wò. Bàbá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ni yóò sọ bóyá ó tó ẹni tí kíláàsì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ti kíláàsì kan pa rí nítorí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ara wọn ṣàwàdà. Ọmọ mi yìí ti fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀ nítorí kíláàsì yìí, bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò fẹsẹ̀ lé. Mo ní n óò jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní rárá, Bàbá fẹ́ rí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹríba tiwa dánra wò ní pápá iléèwé náà. Èmi yóò tẹríba, òun yóò kàn rọra tẹ orí, ó tán. Àmọ́ bó bá ti rí mi tí mo tẹ̀, orúnkún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Dúró ṣinṣin!" Mo ti gbàgbé ẹni tó jẹ́ olùkọ́.

Ọjọ́ pé. Bàbá wọlé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ funfun báláú, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ iléèwé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jáde, ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá wò, lẹ́yìn náà ó ń tẹríba fún Sẹ́nséì. Ó kàn mí. Mo gbé tèmi bí mo ṣe lè gbé e, mo yíjú sí Sẹ́nséì, mo tẹríba. Bóyá mo ti tẹ̀ jù, nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Òun náà wá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ga ju olùkọ́ lọ, mo tún tẹ̀ sí i. Òun náà tún tẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni gbì. Sẹ́nséì ti dọ̀bálẹ̀.

Adìyẹ bà lókùn. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹríba kì í nàró títí Sẹ́nséì yóò fi ní kó nàró. Ó ń retí mi, mo ń retí rẹ̀. Bí mo bá ní kó dìde, mo ti pàṣẹ fún un lójú ọ̀gá rẹ̀. Bí mo bá sì dá nàró, mo ti fi hàn pé àṣẹ rẹ̀ kò múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹ̀yìn mi lọ, ẹ̀yìn mi sì ń dùn mí gidigidi.

Mo rọra sọ fún un, "Sẹ́nséì, ẹ̀yìn ń dùn mí o."

N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé ojú sókè wò mí láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí n kò mọ̀ pé ó ní jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ dìde!" Mo nàró. Àwọn tó jókòó nàró. Bàbá fúnra rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti kúrò lórí bẹ́ńṣì kó tó rántí pé òun ni ọ̀gá.

"Bọ̀n," ni Bàbá fi Faransé wí, pé ó dára. Ó bi mí pé ta ni mí sí Sẹ́nséì. Mo ṣàlàyé pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé òun ló dàgbà jù wá lọ, kó bá wa ní kí Sẹ́nséì dìde nílẹ̀. Bàbá ní kó dìde, ó dìde.

Bàbá wá yíjú sí i. "Mo rí ọ̀wọ̀, ó tó. Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì madáàmù yìí kò dára rárá, o sì ń wò ó."

Ọmọ mi wò mí, mo wò ó. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó là á lẹ́nu.

Ó yíjú sí ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ tún un ṣe, mà."

Mo tún un ṣe. Ó ní kò tíì dáa, kí n gbé gìgísẹ̀ sílẹ̀, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, òógùn ń bọ́ lójú mi, inú mi sì ń dùn bí ọmọ tí tíṣà kọ máàkì sí ìwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà lọ geere níkẹyìn. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní kíláàsì ti rí olùkọ́, ó bèèrè omi.

Nígbà tá a jáde sí gbangba, Sẹ́nséì bá mi gbé báàgì dé ìdí ọ̀kadà, ó tún dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn kí ó lè dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń ro mí, nítorí náà mo kọ́kọ́ gun ọ̀kadà, mo tún ìró tí mo ró lé aṣọ funfun mi ṣe, mo gba báàgì mi mọ́ra, kí n tó ní kó dìde.