Òótọ́ Kan Ṣoṣo tí Kápítéènì Tregellas Gbé Mì

Ẹni tó bá dárúkọ Kápítéènì Ambrose Tregellas ní Porthenys, abúlé apẹja wa, ọ̀rọ̀ kéèkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un.

Ọdún 1907 ni, ní Malta. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ogun wa tó wà níbẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi í ṣe dígí. Ọta tí ìjọba bá fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi kọ́ àgbá yíyìn, inú òkun ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ń dà á sí láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọn á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti yìn ín tán. Èéfín ló ń ba ọ̀dà jẹ́, Ádímírà Croome, olórí gbogbo ọkọ̀ ogun náà, kò sì fẹ́ ohun tó máa ba ọ̀dà jẹ́.

Tregellas kò da tirẹ̀ nù. Ó yìn ín tán pátá lọ́sàn-án gangan, ní ẹnu èbúté, lọ́jọ́ tí ìyàwó Ádímírà ń gba àlejò nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín lọ bá wọn. Kéèkì funfun orí tábìlì di dúdú bí ìdí ìkòkò.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ádímírà fọwọ́ lu tábìlì.

“Tregellas, kí lò ń yìnbọn sí? Ta ló ń bá wa jà?”

“Kò tíì sí, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀ wá jà kì í kọ lẹ́tà ṣáájú.”

“Wo kéèkì mi!” Ìyàwó Ádímírà ló figbe ta bẹ́ẹ̀.

Tregellas bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. “Ẹ dúpẹ́ pé èéfín ni, mà. Ká ní ọ̀tá ló yìn ín ni, tábìlì fúnra rẹ̀ lẹ ò bá máa wá kiri.”

Hugh Lanyon, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ogun lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, wá bá a lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ambrose, kí ló dé tó ò da ọta tìẹ sómi bíi tiwa? Ẹja ò kúkú ní fẹjọ́ wa sùn.”

“Ẹja ò ní fẹjọ́ sùn lóòótọ́,” ni Tregellas wí. “Ìwọ náà ò sì ní lè yìnbọn ba ẹja.”

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí etíkun Scotland kan, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ, pé kó lọ máa ṣọ́ ọkọ̀ èédú kan tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn. Obadiah Pascoe, kúùkù rẹ̀, ọmọ abúlé wa, bá a lọ. Àgbá kékeré kan wà nínú ọkọ̀ náà. Tregellas ní dandan ni kí gbogbo èèyàn kọ́ ọ, àti kúùkù.

“Ọ̀gá, ọ̀dùnkún bíbó ni wọ́n gbà mí fún o.”

“Ọ̀tá kì í béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, Pascoe. Yìn ín.”

Lọ́jọ́ kẹta, àgbẹ̀ kan sáré dé, ó ń pariwo pé ìró ìbọn ti jẹ́ kí àgùntàn òun ṣẹ́nú.

“Ọta bà wọ́n bí?” ni Tregellas bi í.

“Kò bà wọ́n!”

Tregellas yíjú sí kúùkù rẹ̀. “O gbọ́? Odindi agbo àgùntàn, o ò rí ẹyọ kan bà!”

Lẹ́tà méje ló kọ sí àwọn àgbà ológun ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ọta tí wọ́n ń dà sómi. Wọ́n fèsì sí ẹyọ kan, pé àwọn ti rí i, àwọn sì ti fi í pamọ́ dáadáa. Nígbà tó di ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n ní kó lọ sinmi, ó sì wá ń gbé ní abúlé wa. Lanyon ni wọ́n fún ní Meridian, ọkọ̀ ogun ńlá tuntun.

Ogun dé. Lọ́dún 1915, Jory, ọmọ kan ṣoṣo tí Obadiah bí, kan ìlẹ̀kùn Tregellas. Ọmọ ogún ọdún ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

“Kápítéènì, wọ́n ní kí n mú ọkọ̀ kan nínú méjì. Bàbá mi ní tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó ti parí. Ṣé kí n wọ Meridian?”

Ọkùnrin tó sọ òótọ́ fún Ádímírà lójú kòrókòró wá gbé òótọ́ nípa Lanyon mì. Àwọn ọ̀gá ológun kì í bú ara wọn níwájú ọmọṣẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá nìyẹn. Ó wo bàtà rẹ̀.

“Ọkọ̀ tó dára ni,” ló wí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Meridian pàdé àwọn Jámánì. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi yìnbọn, kò ba nǹkan kan. Àwọn Jámánì yin tiwọn, ó bà á. Lanyon bá a rì. Ọmọ Porthenys mọ́kànlá bá a rì. Jory wà nínú wọn.

Lọ́dún 1921, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá kan wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ọ̀tá ló pọ̀ ju àwọn ọmọ wa lọ. Tregellas dìde láàárín àwọn ọlọ́lá.

“Irọ́ ni! A da ọta wọn sómi nítorí ọ̀dà. Mo mọ̀. Jory Pascoe wá béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì sọ fún un pé ọkọ̀ tó dára ni.”

Obadiah di ìyàwó rẹ̀, Keziah, lápá mú, wọ́n lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́lá kò kí Tregellas mọ́. Obadiah kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, Tregellas á lọ dúró lẹ́nu géètì Pascoe, á ṣí fìlà, kò ní kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, Keziah yọjú.

“Kápítéènì, ẹ wọlé jàre. Ẹ̀ ń dí àwọn adìyẹ mi lọ́nà.”

Obadiah wà nídìí iná, kò wò ó. “Ẹ lè jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.”

Àṣẹ kan ṣoṣo tí Tregellas gbà láì jiyàn láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ó kú lọ́dún 1931. Lọ́ńdọ̀nù kò rán ẹnì kankan wá. Àwọn apẹja ló gbé e, ẹni mẹ́fà, nínú ẹ̀wù iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àlùfáà béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ, Obadiah yọ síwájú, ó wúkọ́.

“Ọdún méjìlélógún ni mo fi se ọbẹ̀ fún un,” ló wí. “Kò yìn ín lẹ́ẹ̀kan rí. Kò sì ṣẹ́ ẹ kù rí.”

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Keziah náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀wù nu ojú. Nígbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ bò ó tán, tí a ń lọ sílé, Keziah pe ọkọ rẹ̀.

“Ẹ máa lọ,” ni Obadiah wí. “Mò ń bọ̀.”

Ó sì jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọ̀gá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.