Ẹ Jọ̀ọ́ Sà, Ṣé Kì Í Ṣe Tòsì Ló Kú?

Ẹ̀ńjìnnì tó yè ni wọ́n pa. Tòsì ló kú lójú òfurufú, tọ̀tún ni ọ̀gá awakọ̀ ṣèèṣì pa, bàálù bá já. Ọmọ àdúgbò Òkèrèwè ni igbákejì awakọ̀ tó jókòó tì í, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀.

Látìgbà náà ni ìyá yìí ti ń gbé ìbéèrè kan kiri: ṣé ọmọ òun ló pa àwọn èrò? Bí ẹnikẹ́ni bá kí i pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni," á ní, "Ọlọ́run kọ́ ló ń wa bàálù."

Ọ̀sán tí aṣojú àwọn tó ṣèwádìí wá sí agboolé wọn, mo wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn. Ọkùnrin náà kò fọ̀rọ̀ gùn. Ó ní àwọn tó ni bàálù mọ̀ pé páìpù epo ẹ̀ńjìnnì òsì ti gbó, wọ́n kàn ń lẹ̀ ẹ́ ni. Wọn kò sì kọ́ awakọ̀ méjèèjì dáadáa nípa ẹ̀ńjìnnì tó bá kú lójijì.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó rí i, mà. Ohùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú bàálù. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe tòsì ló kú?' Ọ̀gá ò dáhùn. Ó tún ní, 'Ẹ má bínú sà.'"

Ẹ̀gbọ́n ìyá náà mirí. "Ọmọlúàbí! Kò já àgbà nírọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́!" Ìyá náà ló jágbe mọ́ ọn. "Ọmọ rí ikú, ó ń tọrọ àforíjì! Èmi ni mo kọ́ ọ. Tó bá sọ 'rárá' fún àgbà, ẹnu ni mo ti ń gbá a."

Mo rántí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa, níbi tí àwa náà ti ń fi 'sà' bo àṣìṣe ọ̀gá mọ́lẹ̀. Àwa a máa tẹ àtúnṣe jáde lọ́jọ́ kejì. Bàálù kò ní ọjọ́ kejì.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?" ìyá náà bi àlejò.

Ó ní bàálù wọn tó kù kò ní gbéra títí wọ́n á fi pààrọ̀ gbogbo páìpù. Àwọn awakọ̀ yóò padà sí kíláàsì.

"Ṣé wọ́n á ṣì máa pe ọ̀gá ní 'sà'?"

"Nílẹ̀, mà. Lókè, ohun tí a máa kọ́ igbákejì ni, 'Dáwọ́ dúró.' Kò sí 'ẹ', kò sí 'sà'. Tí ọ̀gá ò bá dáhùn, kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."