Àlàyé Wákàtí Mẹ́rin Lẹ́bàá Ààrò Hameedah

Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí Hameedah Odùbánjọ ti ń yan ẹja lẹ́yìn ilé mi.

Kì í ṣe ọmọ etí ọ̀sà. Jákàńdè ní Ilasan ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ fún ìjọba. Nígbà tí Tàjùdéèn, apẹja, gbé e níyàwó wá sí abúlé wa lẹ́yìn Lakowe, kò mọ ẹ̀pìà yàtọ̀ sí obọ̀kún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ẹja yíyan. Ọdún kan gbáko ló fi ń jó ẹja. Lónìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ òkun máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí títì márosẹ̀, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn fún ìṣẹ́jú méjìlá nítorí ẹja rẹ̀.

Èèpo àgbọn ló fi ń dáná. Iná èèpo àgbọn kì í yára. Wákàtí mẹ́rin ni ẹja fi ń gbẹ, èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa yí i padà. Ọwọ́ Hameedah á kún fún òróró ẹja, kò ní lè fi kan fóònù. Nítorí náà, kó tó bẹ̀rẹ̀, á ki fóònù bọ inú agolo mílíìkì tó so mọ́ òpó, á wá ohun tó gùn jù lọ lórí Yútúùbù, á tẹ̀ ẹ́. Ohun tó gùn jù lọ ni àlàyé fíìmù.

Mi ò sọ pé fíìmù. Ẹnì kan ló máa jókòó, tí á máa sọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára nínú fíìmù tí ẹlòmíì ṣe. Abẹ́ igi furúùtù tó wà láàárín ilé wa ni mo ti ń tún àwọ̀n ṣe. Bí mo fẹ́, bí mo kọ̀, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, mo bi í léèrè.

"Ìyá Ràhímátù, báwo ni tòní ṣe gùn tó?"

"Wákàtí mẹ́rin ó lé ìṣẹ́jú méjìlá, Bàbá."

"Fíìmù ọ̀hún fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

"Wákàtí kan ó lé ogójì ìṣẹ́jú."

"Ewé wá pọ̀ ju ẹ̀kọ lọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí omi láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́ lánàá ńkọ́? Ẹja mélòó lẹ pa?"

Mẹ́ta ni. Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Mo bi í pé fíìmù wo ni.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Fíìmù tiwa ni."

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó ń ya fíìmù wá láti Lekki. Òṣèré wọn kò mọ àwọ̀n jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló jù ú, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló wé mọ́ ọn lórí. Wọ́n ní kí Tàjùdéèn bá a jù ú, pé ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan làwọn máa fi hàn. Ọkọ̀ ojú omi mi ni wọ́n yá. Wọ́n lé gbogbo wa sẹ́yìn okùn, a kò rí nǹkan kan. Nígbà tí fíìmù jáde, a jọ wò ó lórí aṣọ funfun ní ọgbà ilé kéú. Gbogbo wa rí i pé ọwọ́ òsì ni Tàjùdéèn fi ju àwọ̀n.

Ní abúlé wa, bí òjò bá ti dá, tí omi sì mọ́, ẹnì kan ló ń ju àwọ̀n àkọ́kọ́ fún ọdún náà. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ fi jù ú. Àwọn arúgbó ló ń jẹ ẹja rẹ̀. Ó ti kan ilé Odùbánjọ, Tàjùdéèn ló sì kàn nínú ilé náà. Ó búra pé ọ̀tún lòun fi jù ú fún àwọn onífíìmù. Ta ni yóò gbà á gbọ́ nígbà tí ojú ti rí i? Adégbọlá, olórí apẹja, ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé àwọ̀n la ó wá fi jù nítorí kámẹ́rà?" Wọ́n fo Tàjùdéèn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá tún fò ó lọ́dún yìí, àwọ̀n àkọ́kọ́ ti kúrò nílé Odùbánjọ nìyẹn, kò tún ní padà síbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ni Adégbọlá máa dárúkọ ẹni tí yóò jù ú.

Àwọn ọmọdé ń pe Tàjùdéèn ní Ọlọ́wọ́ Òsì. Kì í ṣe àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Èmi ni.

Mo bi Hameedah pé, "Kí lo ń wá nínú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mo ti wo ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wo ti ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á ní ó dùn, wọ́n á ní kò dùn, ó parí. Kò sẹ́ni tó dé ibi àwọ̀n nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà tí kò ní débẹ̀?"

Ọmọbìnrin tó ń ṣàlàyé bẹ̀rẹ̀. Ó lo ogún ìṣẹ́jú lórí orin. Ó lo mọ́kànlá lórí fìlà kan. Ìlẹ̀kùn kan ń dún ju bó ṣe yẹ lọ, ó bínú sí i. Mo tún ojú àwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n ṣe. Hameedah yí ẹja lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di wákàtí mẹ́ta ó lé ìṣẹ́jú méjìdínlógún, mo fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ọmọbìnrin náà dá fíìmù dúró.

Ó ní, "Ẹ wo ara ọkọ̀ yìí. Àṣàbí ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀ ló ṣáájú, àwọn lẹ́tà ẹ̀ sì kọjú sódì. Wọ́n yí àwòrán yìí padà ni, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Òṣèré wọn kọjú sápá kan, ẹni tó ń bá a ju àwọ̀n kọjú sápá kejì, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n bára mu. Iṣẹ́ ọ̀lẹ!"

Àṣàbí ni orúkọ ìyá mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ní ọkọ̀ náà. Èmi kì í ka ọkọ̀ mi, mo máa ń wọ̀ ọ́ ni. Gbogbo àwa tí a wà ní ọgbà ilé kéú lọ́jọ́ náà, ọwọ́ là ń wò. Kò sẹ́ni tó wo lẹ́tà.

Hameedah ti gbàgbé ẹja. "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

"Dá a padà."

"Ọwọ́ mi nìyí! Ẹ bá mi tẹ apá òsì ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka ni mo wò. Okùn ẹ̀rọ ọkọ̀ ti gé orí ìka kékeré Tàjùdéèn nígbà kan rí, ọwọ́ òsì ni. Nínú fíìmù, ìka kúkúrú náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó di okùn àwọ̀n mú. Ìka kì í rìn láti ọwọ́ kan lọ sí èkejì.

Ibẹ̀ ni Adégbọlá bá wa. Àwọ̀n tó ya ló gbé wá fún mi.

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin náà ti di onífíìmù?"

"Jókòó."

"Mi ò ráyè fíìmù, ẹ jọ̀ọ́."

"Adégbọlá, mo ní kí o jókòó."

Ó jókòó. Hameedah fọ ọwọ́, ó sáré wọlé, ó mú dígí jáde, ó gbé e kọjú sí fóònù. Lẹ́tà tó wà nínú dígí wá rí bó ṣe rí lára ọkọ̀ mi ní etí omi. Ọwọ́ tó ń ju àwọ̀n sì di ọ̀tún. Adégbọlá wo dígí, ó wo ọkọ̀, ó tún wo dígí. Ó dìde lọ sídìí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ìka tọ lẹ́tà márààrún, ó padà wá.

"Ta ló sọ èyí?"

"Ọmọbìnrin kan ni, Bàbá."

"Ọmọ ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ó mọ Tàjùdéèn?"

"Kò rí i rí láyé ẹ̀."

Adégbọlá mi orí. Ìyẹn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. "Ó dáa. Tàjùdéèn ni n ó dárúkọ lọ́la."

"Orúkọ wo lẹ fẹ́ pè é?" ni Hameedah wí.

Adégbọlá wo ojú mi. Mo ní, "Tàjùdéèn Odùbánjọ. Ìyàwó wa, èmi ni mo ṣì í pè."

"Ẹ ó sọ ọ́ lọ́la, níwájú mọ́ṣáláṣí?"

"N ó sọ ọ́."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn jókòó ti àlàyé gígùn bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wúlò fún wa nínú rẹ̀. Ìyókù, fìlà àti ìlẹ̀kùn ni. Ṣùgbọ́n èmi náà, mi ò mọ ibi tí ẹja wà kí n tó ju àwọ̀n.

Hameedah jókòó padà sórí àpótí, ó wo ààrò. Obọ̀kún mẹ́rin ti jó. Lọ́jọ́ mìíràn, ariwo rẹ̀ á dé Ajah. Ó yọ wọ́n sínú abọ́, ó gbé e síwájú èmi àti Adégbọlá.

"Tiyín nìyí. Ẹ̀yin lẹ fà á."

Adégbọlá mú ọ̀kan, ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ òpó. "Ó ku mélòó?"

"Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta."

"Jẹ́ kó máa lọ."

Hameedah tẹ̀ ẹ́. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Bàbá, ẹ bá mi yí ẹja tó kù o. Tọ́wọ́ yín bá ti kan ẹja, ẹ má fi kan fóònù mi."

Ó dìde, ó gba etí omi lọ bá ọkọ rẹ̀.