Ọjọ́ Tí Kíndìnrín Mi Dá Alábẹ̀wò Lóhùn

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé wá sí kíláàsì wa ní Iléṣà, lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Tísà wa fẹ́ fi hàn án pé kíndìnrín méjèèjì ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tí wọ́n sì ń da ìtọ̀ sínú àpò rẹ̀. Ó ní kí n mu ife omi mẹ́fà láàárọ̀, kí n lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Bí mo bá sì jáde kí àlejò tó dé, pàṣán ni.

Àlejò kò tètè dé. Nígbà tó dé, ọ̀gá àgbà tún gba àdúrà gígùn. Mo fún ẹsẹ̀ pọ̀, omijé ń bọ́ lójú mi.

Alábẹ̀wò nàka sí mi. “Ìwọ tó ń jó yìí, kí niṣẹ́ kíndìnrín?”

“Sà, tèmi ti ṣe tiẹ̀ tán!” Mo bẹ́ gba ojú fèrèsé.

Tísà pariwo pé, “Ẹ ò rí i, sà! Ó ń ṣiṣẹ́!”

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ láti inú igbó, mo pàdé alábẹ̀wò tó ń sáré bọ̀.

“Yà fún mi, ọmọ! Láti Òṣogbo ni mo ti ń mú un mọ́ra!”

Lọ́jọ́ náà, ó yin kíláàsì wa gidigidi. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó mú ara tù ú tó bẹ́ẹ̀.