Fọ́tò Èmi àti Sìkírá

Òórùn kẹ́míkà tó kan bí omi ògì ló fà mí kúrò ní pálọ̀ lánàá. Tómi, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé ní Yábàá, ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀ mi ní Àgùdà níbí, ó ń fọ fíìmù: fíìmù dúdú àti funfun, irú èyí tó fẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí wọ́n tó bí i. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Láti kékeré ni mo ti ń dúró de fọ́tò tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ máa ń ya oúnjẹ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ gbọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Bọ̀dá Láyí ni fọtógíráfà wa ní Pápá Àjàó. Àyà ló máa ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ sí, á wá tẹrí ba, á máa wò ó látòkè. Fíìmù tó ti kọjá ọjọ́ ló máa ń lò. Tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Àgbà fíìmù ni, ó ṣì ń ríran."

Sìkírá ni ọ̀rẹ́ mi, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Ìlọrin, ẹkún wa ò dá, màmá mi bá ní kí Bọ̀dá Láyí ya wá pọ̀. Ẹyọ kan péré ló kù nínú fíìmù. Mo wọ aṣọ Kérésì mi, Sìkírá wọ ti Iléyá. Bọ̀dá Láyí tẹrí ba. Yéè! Sìkírá rò pé òun ni àgbàlagbà ń tẹrí ba fún, ló bá kúnlẹ̀ kíá: "Ẹ káàsán, sà!" Kámẹ́rà ti dún. Èmi nìkan ló jáde, mo dúró gangan, pẹ̀lú ṣóńṣó ṣùkú orí Sìkírá lábẹ́ ìgúnpá mi. Ṣùkú yẹn ni mo ń wò títí di òní.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Sìkírá, Àlàájà ńlá, yọ sí mi! Ọmọ rẹ̀ ló wá mi rí lórí fóònù. Ó ṣí ìbòrí rẹ̀, ó ti di ṣùkú, ewú ló kún inú rẹ̀. "Ṣé o rántí?" Tómi gbé kámẹ́rà àtijọ́ kan sáyà bíi ti Bọ̀dá Láyí, ó tẹrí ba. Mo di Sìkírá lápá mú gírígírí.

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi kúnlẹ̀?"

Ẹ̀rín ń pa wá lọ tí kámẹ́rà fi dún.

"Gíráńmà, ẹ wá wò ó!" Tómi ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lánàá, ó gbé fíìmù sójú iná. Bọ̀dá Láyí ò sí mọ́, ilé wa àtijọ́ ti di ṣọ́ọ̀bù. Fíìmù náà ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì pé síbẹ̀. Kí wọ́n tó sọ fíìmù di fọ́tò, dúdú máa ń di funfun, funfun á di dúdú. Ewú orí èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúdú bíi kóró iṣin.